Tábìlì Tó Ń Dúró Deni: Bí Ilé Oúnjẹ Àwọn Oní-Suite Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ jẹ́ ká wo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú Queen Mary 2, ọkọ̀ ńlá Cunard tó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ méje gba orí òkun Àtìláńtíìkì láti Southampton lọ sí New York. Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù. Ní àjà kejì, èrò ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní Britannia. Gbọ̀ngàn náà ga tó àjà méjì, ó sì ń gba èèyàn bí 1,300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n dá agogo mẹ́fà fún gbọ́dọ̀ jẹun tán kí àwọn ti agogo mẹ́jọ ààbọ̀ tó wọlé. Lókè lọ́hùn-ún, tọkọtaya kan ṣì wà nínú yàrá wọn. Ọkọ ń wá bàtà, ìyàwó ń wo omi láti orí bákónì. Kò sẹ́ni tó ń kán wọn lójú. Ìgbà tó bá wù wọ́n kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, wọn yóò rọra rìn lọ sí Queens Grill, ilé oúnjẹ tiwọn lórí àjà keje. Tábìlì tí wọ́n jókòó sí lánàá ń dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pinnu pé àwọn ò jẹun lálẹ́ yìí, ẹlòmíì ò ní jókòó sí i.

Bí èèyàn bá ròyìn èyí fún ẹni tí kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé oúnjẹ wọn yàtọ̀ ni. Òmíràn á ní àwọn gbajúmọ̀ àti olóṣèlú ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Òmíràn á ní ìrẹ́jẹ ni, pé wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ gidi pamọ́ fún olówó, wọ́n sì ń fi èyí tó ṣẹ́kù tan àwọn yòókù. Àwọn kan tún rò pé èèyàn lè mú owó lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni ń wọ sinimá. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ gan-an nínú gbogbo rẹ̀. Ọjà tí wọ́n ń tà jù lórí àjà keje ni àkókò àti àyè. Oúnjẹ ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni.

Yàrá ló ń mú tábìlì wá

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ dà bí ilé àyágbé tí onílé kan kọ́ sórí omi. Ẹni tó gba rúùmù kan wà níbẹ̀, ẹni tó gba rúùmù àti pálọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó gba odindi fúláàtì náà kò gbẹ́yìn. Yàrá tó rọjú jù ni èyí tó wà ní àárín ọkọ̀, tí kò ní fèrèsé rárá. Èyí tó ní fèrèsé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èyí tó ní bákónì tí èèyàn lè jókòó sí kí atẹ́gùn òkun máa fẹ́ sí i. Suite ló wà lókè gbogbo wọn: yàrá tó fẹ̀, tí ibi ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń sùn, tí balùwẹ̀ rẹ̀ tóbi, tí bákónì rẹ̀ sì gùn. Owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin owó yàrá aláìnífèrèsé. Nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Nínú owó yàrá yìí ni owó oúnjẹ wà, yálà yàrá kékeré ni o tàbí ńlá. Ìyẹn ni wọ́n ṣe lè so ilé oúnjẹ kan pàtó mọ́ yàrá kan pàtó. Ní Cunard, yàrá tí èèyàn gbà ló ń sọ ibi tí yóò ti máa jẹun. Àwọn yàrá gbogboogbò ń lọ sí Britannia. Àwọn yàrá oníbákónì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀, apá kan tó dákẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Britannia Club ni tiwọn. Suite kékeré ń lọ sí Princess Grill, suite ńlá sí Queens Grill. Kí èrò tó kúrò nílé ni gbogbo èyí ti yanjú.

Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ní tiwọn, pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Luminae ni Celebrity ń pe tiwọn, Coastal Kitchen ni ti Royal Caribbean. MSC ní odindi àdúgbò kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Yacht Club, tó ní ilé oúnjẹ, ibi ìgbafẹ́ àti odò ìwẹ̀ tirẹ̀. Ti Norwegian ni The Haven. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: ohun tí ọ̀kan gbà, èkejì lè máà gbà á.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà gan-an, suite. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọn a sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ yàrá tí kò jù bákónì tó gùn díẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ ńláńlá Royal Caribbean, ẹni tó gba èyí tí wọ́n ń pè ní Junior Suite lè wọ Coastal Kitchen fún oúnjẹ alẹ́ nìkan, bí àyè bá wà. Ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán kò kàn án. Nínú àwọn ọkọ̀ wọn tó kéré, Coastal Kitchen kò tilẹ̀ sí. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Norwegian tó ní The Haven ni ilé oúnjẹ The Haven wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn tó ti pẹ́, yàrá jíjẹ mìíràn ni wọ́n ń yá lò fún wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nítorí náà, orúkọ ọkọ̀ ni kí èèyàn máa béèrè, kó má ṣe dúró lórí orúkọ iléeṣẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ Ritz dé ọ̀dọ̀ MSC

Àṣà yìí ti pẹ́ ju ìgbafẹ́ orí òkun fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn lè gbà sọdá òkun, kíláàsì ni wọ́n fi ń pín èrò: ti kìíní, ti kejì, ti kẹta. Olúkúlùkù ní gbọ̀ngàn oúnjẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì kìíní pàápàá, agogo ló ń darí èèyàn. Bí wọ́n bá ti lu agogo oúnjẹ, gbogbo olówó á rọ́ wọlé pọ̀, wọn á jókòó sídìí tábìlì gígùn bí ọmọ iléèwé.

Albert Ballin, ọ̀gá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Hamburg-Amerika ní Jámánì, ló rí àyè owó níbẹ̀. Ó pe César Ritz, baba àwọn òtẹ́ẹ̀lì olówó iyebíye, pé kó wá ṣètò ilé oúnjẹ sínú ọkọ̀ tuntun òun tó ń jẹ́ Amerika. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1905, èrò kíláàsì kìíní lè yẹra fún gbọ̀ngàn ńlá, kó jókòó sí tábìlì kékeré nígbà tó wù ú, kó sì mú ohun tó wù ú nínú ìwé oúnjẹ. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san fún un.

Àwọn yòókù tètè wò ó kọ́. Titanic ní irú rẹ̀ lọ́dún 1912, ọkùnrin ará Ítálì kan, Luigi Gatti, ló ń bójú tó o. Ẹni tó bá sọ nígbà tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ibẹ̀ lòun yóò ti máa jẹun, wọ́n ń yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ìdílé Widener ṣe àsè níbẹ̀ fún Kápútéènì Smith, wákàtí díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kọlu òkìtì yìnyín. Abẹ́ Gatti ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀. Mẹ́ta péré ló yè nínú wọn. Èmi kì í lè ka ìtàn ilé oúnjẹ yẹn kí n má rántí ìyẹn.

Queen Mary ti ọdún 1936 ní Verandah Grill ní ìdí ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti lè máa wo omi tí ọkọ̀ ń là sẹ́yìn. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń san níbẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “grill” ti di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lẹ́nu àwọn èrò Cunard. Ọdún 1972 ni wọ́n fi Queens Grill kún ọkọ̀ Cunard mìíràn, QE2. Lọ́tẹ̀ yìí, yàrá ni wọ́n so ó mọ́. Tábìlì ti di ara ilé.

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa kan mọ apá kan nínú ìtàn yìí. Àwọn tó wọ ọkọ̀ Elder Dempster láti Èkó lọ sí Liverpool láàárín ọdún 1950 sí 1970, yálà Accra, Apapa tàbí Aureol, rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì ló ń sọ gbọ̀ngàn tí èèyàn yóò ti jẹun. Nígbà tí Aureol fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1974, bàálù ti kó èrò lọ tán.

Bàálù yẹn náà ló pa kíláàsì lórí òkun. Ọkọ̀ tó kù kò gbé èèyàn lọ síbi kankan mọ́, afẹ́ ló ń gbé wọn ṣe, àwọn tó ni wọ́n sì ń polówó pé ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo èrò. Ìgbà tí ọkọ̀ tún wá tóbi ni nǹkan yí padà. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ń gbé èrò tó lé ní 5,600 bí èèyàn méjì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan ni. Ẹni tó lówó tí kò fẹ́ ariwo ìlú ní ibòmíràn tó lè lọ: ọkọ̀ kéékèèké bíi ti Silversea, Seabourn tàbí Regent, níbi tí gbogbo yàrá ti jẹ́ suite, tí kò fi sí ìdí láti ya oní-suite sọ́tọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá kọ́ ọkọ̀ kékeré sínú ọkọ̀ ńlá. MSC ṣe é nínú Fantasia lọ́dún 2008, Celebrity ṣí Luminae lọ́dún 2015. Kíláàsì padà wálé, aṣọ ló pààrọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí iná

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ara balẹ̀.

Ẹ wo ìyá alásè tó ń se oúnjẹ ìnáwó. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń bọ̀, kò lè máa ro àmàlà fún wọn bí wọ́n ṣe ń dé. Yóò rò ó sílẹ̀, yóò fi ọ̀rá wé e, yóò kó o sínú kúlà. Àmàlà yẹn á dùn, a kì í kúkú kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó lórí báǹṣì ní bùkátéríà rí, tí wọ́n bu tirẹ̀ látinú ìkòkò tí orógùn ṣì wà nínú rẹ̀, mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti inú kúlà. Èlùbọ́ lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyá alásè pàápàá lè jẹ́ ọ̀kan náà. Ìṣẹ́jú tó wà láàárín iná àti ẹnu ló yàtọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀. Láàárín ìdajì wákàtí, gbogbo tábìlì Britannia ti kún, gbogbo wọn ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Àwọn kúùkù tò sí ìlà kan: ẹnì kan gbé ẹran sáwo, ẹnì kejì bu ẹ̀fọ́, ẹnì kẹta da ọbẹ̀ lé e, ẹnì kẹrin fi aṣọ funfun nu etí àwo. Wétà ti dúró pẹ̀lú tírè ńlá, ó ń to àwo tó ní ìdérí léra wọn. Kí ìlà yìí má baà dúró, púpọ̀ nínú oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ jinná tán tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kó wà nínú àpótí tó ń mú un gbóná. Iṣẹ́ àrà ni, èmi ò rí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kúlà ni.

Queens Grill kò gbà ju bí 200 èèyàn lọ, wọn kì í sì í rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni méjì dé ní agogo méje, mẹ́rin dé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan tó ń dá rìn dé ní agogo mẹ́jọ kọjá. Kúùkù lè dúró títí ìwé ìbéèrè yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó ju ẹran sórí iná. Ó lè se soufflé, èyí tí wọ́n ń fi ẹyin tí wọ́n lù títí tó fi ru ṣe. Bó ṣe ń jáde nínú ààrò ló ń ga bí fìlà àbẹtí ajá, bí kò bá sì dé tábìlì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò wó lulẹ̀. Ẹ má dán an wò fún 1,300 èèyàn.

Iná tí mo ń sọ yìí, iná mànàmáná ni. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ òde òní, wọn kì í fi gáàsì dáná bíi ti ilé oúnjẹ orí ilẹ̀, nítorí ẹ̀rù iná. Wọ́n tún máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú orí sítóòfù, kí ìkòkò má baà yọ̀ lọ nígbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀. Ìgbì kò mọ ẹni tó gba suite.

Ohun kan ṣì wà tí Queens Grill fi lókìkí: èèyàn lè béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé oúnjẹ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń sọ ọ́ láàárọ̀, tàbí lánàá, kí kúùkù lè múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú sítọ́ọ̀ ni wọ́n lè sè. Ọkọ̀ kò lè yà sọ́jà Oyíngbò ní àárín Àtìláńtíìkì.

Wétà tó mọ̀ pé ẹ kì í jẹ àlùbọ́sà

Ní Queens Grill, alẹ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá wétà máa ń mú èèyàn lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò máa jókòó sí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ìrìn àjò yóò fi parí. Wétà kan àti igbákejì rẹ̀ ló ni tábìlì náà pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n á ti mọ̀ pé bàbá kì í fẹ́ yìnyín nínú omi, pé màmá kì í jẹ àlùbọ́sà, pé kọfí ni wọ́n ń fi parí oúnjẹ ọ̀sán àmọ́ tíì ni wọ́n ń mu lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè mọ́.

Wétà Britannia náà mọ èrò tirẹ̀ lórúkọ, nítorí tábìlì tiwọn náà kì í yí padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn èrò mìíràn ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kó àwo, kó pààrọ̀ aṣọ tábìlì, kó tún to ṣíbí fún wọn. Bí ìtàn tí ẹ ń sọ fún un ṣe dùn tó, ojú rẹ̀ á máa lọ sára aago.

Níbi tí àkókò bá ti wà, wétà lè ṣe nǹkan lójú èrò. Ẹ wo crêpe Suzette. Wétà á ti tírọ́ọ̀lì dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì, àwo bàbà pẹlẹbẹ kan wà lórí iná kékeré. Ó fi ṣúgà sí i títí yóò fi yọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó fi bọ́tà sí i, ó fún omi ọsàn lé e lórí, èéfín dídùn gba ibẹ̀ kan. Ó ká ìyẹ̀fun dídín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí mẹ́rin, ó fi ṣíbí àti fọ́ọ̀kì yí i nínú omi ọsàn náà láìfọwọ́ kàn án. Ó wá da ọtí líle díẹ̀ sí i, ó dẹ àwo sí ẹ̀gbẹ́ kan kí iná fi kàn án. Fìrì! Iná àwọ̀ búlúù gòkè, ó jó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó kú. Tábìlì kejì yí ọrùn. Gbogbo èyí gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún èèyàn méjì. Kò sí bí wétà tó ní ogún èèyàn níwájú ṣe lè ṣe é.

Ohun tí owó suite kò yí padà

Sítọ́ọ̀ kan náà ni oúnjẹ ti ń jáde. Ìrẹsì, ìyẹ̀fun, ẹyin, mílíìkì, ẹ̀fọ́: ọjọ́ kan náà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọnú ọkọ̀ ní èbúté. Àwọn nǹkan olówó iyebíye kan wà tí wọ́n máa ń gbé sórí ìwé oúnjẹ àwọn oní-suite lọ́pọ̀ ìgbà ju ti àwọn yòókù lọ, irú bíi ẹyin ẹja caviar àti akàn òkun ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé ẹran jíjẹrà ni wọ́n ń bù nísàlẹ̀ ń purọ́ mọ́ wọn.

Òfin ìmọ́tótó náà kò mọ àjà kejì yàtọ̀ sí àjà keje. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń ti òkèèrè wọ èbúté Amẹ́ríkà wà lábẹ́ ètò àyẹ̀wò CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn níbẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò lè yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi ohun tí ń wọn ooru gún oúnjẹ: èyí tó yẹ kó gbóná kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 57 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó yẹ kó tutù kò gbọdọ̀ kọjá 5. Orí máàkì 100 ni wọ́n ti ń ṣírò. Ọkọ̀ tó bá gba 85 tàbí kó dín sí i ti kùnà. Ilé ìdáná èyíkéyìí nínú ọkọ̀ ni wọ́n lè wọ̀, odindi ọkọ̀ sì ni máàkì náà wà fún.

Aṣọ ńkọ́? Ní Cunard, alẹ́ tí wọ́n bá ní kí èrò múra bí ẹni ń lọ síbi àsè, gbogbo ilé oúnjẹ ńlá ló kàn. Ẹni tó wà ní yàrá aláìnífèrèsé lè wọ kóòtù dúdú tó dára ju ti ẹni tó wà ní suite lọ, mo sì gbọ́ pé wọ́n máa ń wọ̀ ọ́.

Ti ohun mímu ló máa ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn jù. Ní Yacht Club ti MSC àti lọ́dọ̀ àwọn oní-suite Celebrity, owó ọ̀pọ̀ ohun mímu wà nínú owó yàrá. Ní Queens Grill, igò wáìnì tí ẹ bá ṣí nídìí tábìlì yóò dé bá yín nínú ìwé owó. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé nígbà táwọn ti san owó tó tó yẹn, kò sí nǹkan tó kù láti san.

Ṣé èèyàn lè sanwó wọlé lẹ́nu ọ̀nà?

Rárá. Ibí yìí ló ti yàtọ̀ sí ilé oúnjẹ àkànṣe tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ilé ẹran yíyan tàbí ti àwọn ará Japan, tí ẹnikẹ́ni lè san owó díẹ̀ kún owó rẹ̀ kó sì wọ̀ ọ́ lálẹ́ kan. Ti oní-suite, káàdì ni. Káàdì tí ẹ fi ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá ló ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn kì í sábà béèrè rẹ̀ mọ́, nítorí wọ́n ti mọ ojú yín. Gbajúmọ̀ tó gba yàrá gbogboogbò kò ní rí i wọ̀; olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó sì fi ogún ọdún tọ́jú owó á wọ̀ ọ́ láìsí ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun kan tó ti ba ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ́. Bàbá àti ìyá á gba suite, wọ́n á gba yàrá kékeré fún àwọn ọmọ lódìkejì ọ̀nà, kí owó má baà pọ̀ jù. Wọ́n á dé inú ọkọ̀ tán kí wọ́n tó gbọ́ pé ilé oúnjẹ suite kò gba àwọn ọmọ, nítorí yàrá tí àwọn ọmọ wà kọ́ ló ni ín. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fojú fò ó dá, ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí á wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ní gbọ̀ngàn gbogboogbò lálaalẹ́, tábìlì tí wọ́n sanwó rẹ̀ á sì wà lókè ní òfìfo. Ó yẹ kí aṣojú tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ́ fún wọn. Kì í sábà sọ ọ́.

Tí ẹ bá bi mí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo máa gbà níyànjú pé kó lọ sókè. Ẹni tó fẹ́ràn àríyá, tó fẹ́ jókòó sí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí, kó sì ti di ọ̀rẹ́ wọn kí ọkọ̀ tó dé New York, Britannia ló yẹ ẹ́. Mo mọ obìnrin Ìjẹ̀bú kan ní London tó sọ pé lójú òun, ilé oúnjẹ suite dà bí ilé ìkàwé tí wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tí etí rẹ̀ kò gba ariwo mọ́, tàbí tí ara rẹ̀ kò jẹ́ kó lè máa sáré bá agogo mẹ́fà, tàbí tó ń ṣayẹyẹ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó, mo mọ ìdí tó fi máa san owó náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní New York, oúnjẹ àárọ̀ máa ń yá kánkán, lórí àjà keje pàápàá. Tọkọtaya tí a kọ́kọ́ rí lókè jókòó sídìí tábìlì wọn fún ìgbà ìkẹyìn, báàgì ìfàlọ́wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Wétà gbé tíì wá láìbéèrè. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fi nǹkan díẹ̀ sínú àpò ìwé fún un, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó fa aṣọ tábìlì yọ, ó tẹ́ òmíràn, ó sì mú ìwé jáde láti ka orúkọ àwọn méjì tí yóò jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Níwájú orúkọ ìyàwó, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í jẹ ẹ̀pà.